Lauri Rapala, Apẹja Tó Fi Ọ̀bẹ Gbẹ́ Ẹja

 

Ẹ ó rántí pé nígbà ìsinmi àwọn ọmọ iléèwé, bàbá kan nínú ẹgbẹ́ wa, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ Ford ní Dagenham, kó àwọn ọmọ wa jọ sínú gbọ̀ngàn. Ó ń kọ́ wọn bí a ti ń fi igi gbẹ́ ẹja kékeré tí apẹja fi ń tan ẹja ńlá nínú omi. Ẹja ẹ̀tàn ni bàbá ń pè é, èmi náà á sì máa pè é bẹ́ẹ̀. Èmi ni wọ́n ní kí n jókòó ti àpótí oògùn lọ́jọ́ náà, nítorí níbi tí ọmọ méjìlá bá ti mú ọ̀bẹ lọ́wọ́, ó yẹ kí nọ́ọ̀sì kan wà nítòsí. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ìka mẹ́ta péré ni mo dì.

Láàárín ariwo wọn, ọmọbìnrin kan mú ọ̀kan nínú àwọn ẹja ẹ̀tàn tí bàbá rà ní ṣọ́ọ̀bù, ó ka orúkọ tó wà lára páálí rẹ̀, Rapala, ó sì béèrè bóyá orúkọ ènìyàn ni tàbí orúkọ ìlú. Bàbá ní méjèèjì ni. Ìdáhùn yẹn kò kúrò lọ́kàn mi títí mo fi lọ wá ìtàn ọkùnrin náà kà, òun ni mo sì gbé wá fún yín nínú ìwé ìròyìn wa yìí.

Kí ó má ṣe yà yín lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ ẹja ni mo mú wá. Ìlú apẹja ni Barking tí à ń gbé yìí tẹ́lẹ̀. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ìdílé Hewett ní ọkọ̀ ìpẹja tó pọ̀ níbí, Short Blue ni wọ́n ń pè wọ́n, láti ẹnu odò Roding ni wọ́n sì ti ń jáde lọ sí Òkun Àríwá. Reluwé ló tú wọn ká. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin lè gbé ẹja láti Yarmouth dé London kí ó tó bàjẹ́, kò sí ohun tí ọkọ̀ ìpẹja ń wá dé Barking mọ́. Àwọ̀n ni àwọn yẹn ń lò. Ẹni tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀, ìwọ̀ àti ọ̀bẹ ni tirẹ̀, orílẹ̀-èdè Finland ni ó sì gbé, níbi tí adágún omi ti pọ̀ bí irun orí.

Oṣù kọkànlá ọdún 1905 ni wọ́n bí Lauri ní àgbègbè kan tí wọ́n ń pè ní Sysmä. Nígbà náà, abẹ́ ọba Rọ́ṣíà ni Finland wà, ọdún 1917 ni wọ́n tó gba òmìnira. Mari Saarinen ni orúkọ ìyá rẹ̀. Tálákà ni, òun nìkan ló sì ń tọ́ ọmọ náà. Nígbà tí Lauri pé ọmọ ọdún méje, ìyá rẹ̀ mú un lọ sí Asikkala, àgbègbè mìíràn tí kò jìnnà, láti máa gbé níbẹ̀. Ní ayé ìgbà náà, ẹni tó bá ṣí dé ọ̀dọ̀ wọn gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ nínú ìwé ìjọ. Ìtàn tí wọ́n ń pa ni pé àlùfáà tó ń kọ ìwé náà kò rántí orúkọ ìdílé Mari, kò sì yọ ara rẹ̀ lẹ́nu láti wá a. Ó kàn kọ orúkọ abúlé tí wọ́n ti wá sílẹ̀: Rapala. Bí ọmọ Saarinen ti di Rapala nìyẹn, títí ó fi kú.

Mo mọ̀ pé kì í ṣe èmi nìkan nínú wa ni ọ̀rọ̀ yìí á gún lọ́kàn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ìlú yìí láti wá ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ọ́fíìsì kan gé lẹ́tà méjì kúrò nínú orúkọ bàbá mi, oṣù mẹ́jọ gbáko ni mo sì fi ń kọ̀wé kí wọ́n tó dá a padà. Àwọn kan wà láàárín wa tí wọ́n ti rẹ̀, tí wọ́n sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwa ló ni orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Ìjánu tí Lauri fi rìn láyé, ẹlòmíràn tó ń kánjú ló so ó mọ́ ọn lẹ́nu.

Ní ọdún 1928 ó fẹ́ Elma Leppänen, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí bímọ. Ilẹ̀ kò tó wọn, owó kò sí. Nígbà òtútù, tí gbogbo omi bá ti dì bí òkúta, Lauri a lọ sínú igbó láti gé gẹdú fún àwọn olówó. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, a máa pẹja lórí adágún Päijänne. Adágún yìí kì í ṣe kékeré, gígùn rẹ̀ tó 120 kìlómítà, ọkọ̀ tí a ń fi ọwọ́ wà ló sì ń lò. Àwọn tó kọ ìtàn rẹ̀ kì í sábà pẹ́ lórí Elma. Èmi rò pé obìnrin tó ń tọ́jú ọmọ kéékèèké nínú òtútù Finland, tí ọkọ rẹ̀ wà nínú igbó, tọ́ sí ju ìlà kan ṣoṣo lọ, ṣùgbọ́n ìlà kan náà ni èmi pàápàá rí fún un.

Bí Lauri ti ń pẹja ló fa gbogbo ohun tó tẹ̀lé e. Okùn gígùn ló máa ń ná sínú omi, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìwọ̀ ni a sì so mọ́ ọn. Ìwọ̀ kọ̀ọ̀kan ń fẹ́ ìjẹ tirẹ̀, ẹja kékeré ni ìjẹ náà. Nítorí náà, kí ó tó lè pa ẹja tí yóò tà, ó ní láti kọ́kọ́ pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹja tí kò ní tà, kí ó fi wọ́n bọ ìwọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó sì tún wá pààrọ̀ wọn. Ìdajì ọjọ́ ti lọ nìyẹn. Ọjọ́ tí ìjẹ bá wọ́n, ebi ń bọ̀ nílé nìyẹn. Kì í ṣe eré ìnàjú ló ń wá nígbà tó ronú kan ẹja onígi. Oúnjẹ ọmọ ló ń wá.

Bó ti ń wa ọkọ̀, ó máa ń wo inú omi. Omi adágún náà mọ́, a lè rí ìsàlẹ̀ rẹ̀ níbi tí kò bá jìn. Ó ń rí àwọn ẹja wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń wẹ̀ lọ pọ̀, bí ọmọ iléèwé tó tò sórí ìlà. Ó ń rí àwọn ẹja ńlá tó ń pẹran jẹ, irú pike tó ní ẹnu gígùn àti eyín mímú, tí wọ́n lúgọ sábẹ́ koríko omi. Ohun tó ṣàkíyèsí ni pé ẹja ńlá kì í kàn já wọ àárín ẹgbẹ́ kí ó máa gbé èyí tó bá rí. Ó ń dúró. Bí ọ̀kan nínú àwọn ẹja kékeré bá yà kúrò lórí ìlà, tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, tó ń fì sọ́tùn-ún sósì bí ẹni tó fara pa, òun ni ẹja ńlá yóò gbé mì.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀ síbí. Nígbà tí mo ń kọ́ iṣẹ́ nílé, ìyá àgbà kan tó jẹ́ ọ̀gá wa ní wọ́ọ̀dù kì í jẹ́ kí a gbé ìwé aláìsàn kankan kí a tó kọ́kọ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà, kí a wo gbogbo bẹ́ẹ̀dì. Ó ní ká wá ẹni tí kò bá àwọn tó kù mu: ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lánàá tí kò sọ̀rọ̀ lónìí, ẹni tó ń mí yàtọ̀. Ẹni náà ni ewu wà lórí rẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ká kọ́kọ́ lọ. Nígbà tí mo ka ìtàn Lauri dé ibi tó jókòó sínú ọkọ̀ tó ń wo ẹja, ìyá yẹn ni mo rí. Ọ̀nà kan náà ni wọ́n fi ń wòye, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹja ńlá ń wá aláìsàn láti gbé e mì, tiwa sì ni láti gbé e dìde.

Nínú ọdún 1936, ọdún márùn-ún lẹ́yìn tí Ford bẹ̀rẹ̀ sí ṣe mọ́tò ní Dagenham, Lauri mú ọ̀bẹ oníbàtà, ó sì gbẹ́ ẹja àkọ́kọ́ tó wẹ̀ bó ti fẹ́ ẹ. Kì í ṣe igi líle ló lò. Kọ́ọ̀kì ló lò, èèpo igi fúyẹ́fúyẹ́ tí wọ́n fi ń dí ẹnu ìgò. Ó fi sáńpépà họ ọ́ títí ó fi jọ̀lọ̀. Ara ẹja a máa dán nínú omi, owó ọ̀dà dídán kò sì sí. Bébà fàdákà tí wọ́n fi ń wé ṣokoléètì àti wàràkàṣì ni ó rọra tẹ̀ mọ́ ọn lára. Bébà bẹ́ẹ̀ kò lè pẹ́ nínú omi láìya, fáníìṣì kò sì sí. Ó wá kó fíìmù fọ́tò àtijọ́ jọ, ó yọ́ ọ, ó sì fi í bo gbogbo ara ẹja náà bí awọ. Ẹ ro ó wò: pàǹtí ìdáná, pàǹtí onífọ́tò, àti ọ̀bẹ oníbàtà. (Ẹ̀yin òbí, ẹ má jẹ́ kí ọmọ kankan gbìyànjú ti fíìmù yẹn o. Fíìmù ayé àtijọ́ a máa gbiná lójijì, èéfín rẹ̀ kò sì dára fún ẹ̀dọ̀fóró.)

Ohun tó mú kí ẹja yìí yàtọ̀ ni ètè tó wà nísàlẹ̀ ẹnu rẹ̀, pẹlẹbẹ bí èékánná. Bí a bá fi okùn fa ẹja náà, omi á ti ètè yìí, ètè á fa orí rẹ̀ wọ ìsàlẹ̀, ara rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí fì sọ́tùn-ún sósì. Bí a bá dẹ okùn, ẹja náà á léfòó padà. Gẹ́lẹ́ bí ẹja tó fara pa tí Lauri ń wò láti inú ọkọ̀ rẹ̀. Òun kọ́ ló kọ́kọ́ fi igi tan ẹja o. Ní ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà, James Heddon ti ń gbẹ́ tirẹ̀ tà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú ẹja ẹ̀tàn ayé ìgbà náà, bí ẹja alágbára ni wọ́n ń wẹ̀. Ti Lauri ń wẹ̀ bí aláìlera, ibẹ̀ ni agbára rẹ̀ wà.

Bàbá tiwa nínú gbọ̀ngàn kò lo kọ́ọ̀kì. Igi balsa ló rà fún àwọn ọmọ, èyí tó fúyẹ́ tí ọ̀bẹ sì ń wọ̀ bí ẹ̀bà, ìdílé Rapala pàápàá sì padà wá ń lo balsa nígbà tó yá. Wọ́n ya àwòrán ẹja sórí igi, wọ́n gé e, wọ́n gbẹ́ ẹ̀yìn àti ikùn rẹ̀, wọ́n sì fi sáńpépà họ ọ́, ti yíyi ṣáájú, ti kíkúná tẹ̀lé e. Bàbá la ikùn rẹ̀ pẹ̀lú ayùn tẹ́ẹ́rẹ́, ó na wáyà kan gba inú rẹ̀ láti ẹnu dé ìrù, nítorí bí ẹja ńlá bá gbé e, wáyà ni yóò gba agbára náà, igi yóò kàn fọ́ ni. Lẹ́yìn náà ni ìwúwo díẹ̀ sínú ikùn, kí ó má baà dojú dé. Òjé ni àwọn ará àtijọ́ ń lò fún èyí. Mo bẹ bàbá kí ó má lò ó láàárín ọmọdé, nítorí májèlé ni òjé fún ọpọlọ ọmọ. Orílẹ̀-èdè yìí ti fòfin de títa òjé wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń so mọ́ okùn ìpẹja láti ọdún 1987, nígbà tí ó ń pa àwọn ẹyẹ swan lórí omi. Irin kékeré ló lò dípò rẹ̀.

Ìparí iṣẹ́ ló ń gba sùúrù jù. Bí a kò bá fi nǹkan dí ojú igi kí a tó kùn ún, balsa á mu omi bíi kànìnkànìn, ó sì máa wú. Wọ́n kùn ún ní fáníìṣì ẹ̀ẹ̀mejì, wọ́n fi sáńpépà kíkúná họ ọ́ láàárín méjèèjì, kí ọ̀dà tó kàn án: funfun lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà ẹ̀yìn dúdú àti ikùn tó mọ́, bí ẹja gidi ti rí. Ojú ló kẹ́yìn, kí ìbòrí dídán tó bò ó. Ìbòrí yìí nípọn, a sì gbọ́dọ̀ máa yí ẹja náà bí ẹran súyà títí yóò fi gbẹ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á ṣàn sí apá kan, apá náà á wúwo, ẹja kò sì ní wẹ̀ dáadáa. Mo ní kí wọ́n ṣí gbogbo fèrèsé sílẹ̀ nítorí òórùn rẹ̀. Òtútù mú wa lọ́jọ́ náà, àmọ́ kò sí ẹni tí orí fọ́.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Lauri. Ẹja onígi rẹ̀ mú kí ó bọ́ lọ́wọ́ wíwá ìjẹ, ó sì ń pa ẹja ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn ará abúlé bẹ̀rẹ̀ sí béèrè fún tiwọn, ó ń gbẹ́ ẹ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò pẹ́ tí ogun fi dé. Finland àti Soviet Union jà láti 1939 sí 1940, wọ́n tún jà láti 1941 sí 1944. Lauri náà lọ sójú ogun. Nígbà tí kọ́ọ̀kì wọ́n bí ojú, èèpo igi páìnì tó hù yí i ká ló gbẹ́. Ẹni tó ti lo bébà ṣokoléètì, kí ni èèpo igi máa jẹ́ fún un?

Lẹ́yìn ogun, àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó ti dàgbà wọ inú iṣẹ́ náà. Wọ́n wá ọ̀nà tí ẹ̀rọ fi lè gé igi kíákíá ju ọ̀bẹ bàbá wọn lọ. Ohun kan wà tí Lauri kò gbà kí wọ́n yí padà. Ẹja kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ wọ inú omi kí ó tó kúrò nílé. Wọ́n á so ó mọ́ okùn, wọ́n á fà á, wọ́n á wo bó ti ń fì. Èyí tí kò bá fì dáadáa, wọ́n á fi ọwọ́ tún ojú ibi tí okùn ń gbà ṣe, wọ́n á sì tún fà á. Ilé iṣẹ́ tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ kò jáwọ́ nínú àṣà yìí, àní nígbà tí iye tí wọ́n ń ṣe di mílíọ̀nù. Ní iṣẹ́ tèmi, a mọ irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀, a sì mọ bí ó ti rọrùn tó láti fò ó ní ọjọ́ tí èrò bá pọ̀.

Ní ọdún 1952, eré Olympics wáyé ní Helsinki, olú ìlú wọn, àwọn àlejò tó wá sì mú díẹ̀ nínú ẹja náà lọ sí ilẹ̀ wọn. Ṣùgbọ́n ọdún 1959 ni ìlẹ̀kùn ṣí. Ọkùnrin ará Minnesota kan, Ron Weber, tó ń bá àwọn ilé iṣẹ́ ta ohun èlò ìpẹja, rí i pé ẹlòmíràn ń fi ẹja ẹ̀tàn láti Finland pa ẹja jù ú lọ. Ó mú un lọ sọ́dọ̀ Ray Ostrom tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Minneapolis. Àwọn méjèèjì kọ̀wé sí Finland, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí kó o wọ Amẹ́ríkà.

Lẹ́yìn náà ni ohun tí kò sí ẹni tó lè fọgbọ́n gbé kalẹ̀ ṣẹlẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1962, ìwé ìròyìn Life gbé ìròyìn kan jáde lórí ẹja Lauri. Nínú oṣù yẹn kan náà ni Marilyn Monroe, òṣèré sinimá tí gbogbo ayé mọ̀, kú lójijì, ìtẹ̀jáde tó gbé àwòrán rẹ̀ sójú ìwé àkọ́kọ́ ni ìròyìn ẹja náà sì bọ́ sí. Gbogbo Amẹ́ríkà ló ra ìwé ìròyìn náà láti ka ti Marilyn, wọ́n ṣí i, wọ́n bá Lauri pàdé níbẹ̀. Lẹ́tà ń rọ́ wọlé bí òjò. Iye ẹja tí wọ́n ń béèrè tó mílíọ̀nù mẹ́ta, ìdílé kan tó ń gbẹ́ igi létí adágún ni wọ́n sì ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Ikú ẹnìkan ló gbé iṣẹ́ ẹlòmíràn dé etí ayé. Mi ò mọ bí ó ti yẹ kí ènìyàn dúpẹ́ lórí irú ìyẹn, mo kàn sọ ọ́ bó ti ṣẹlẹ̀ ni.

Wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́, wọ́n gba àwọn ará àgbègbè síṣẹ́, ẹja náà sì dé orílẹ̀-èdè púpọ̀. Lauri Rapala kú ní oṣù kẹwàá ọdún 1974, kò tíì pé ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin. Títí di òní, orúkọ abúlé tí àlùfáà onìkánjú yẹn kọ sínú ìwé ìjọ ni wọ́n ń tẹ̀ sára páálí.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín gbé ẹja wálé, ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí. Ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ kí ó tó fi ọ̀pá pẹja ní England, ọ̀fẹ́ ni fún àwọn tí kò tíì pé mẹ́tàdínlógún, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í pẹja bíi pike nínú odò láti ọjọ́ 15 oṣù kẹta títí di ọjọ́ 15 oṣù kẹfà. Ìwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta náà, ẹ má fi sí i títí ẹ ó fi dé etí omi. Bí ó bá wọ ẹnìkan lára, tí ẹnu rẹ̀ kò sì hàn síta, ẹ má fà á. Ẹ gé okùn, ẹ gbé ẹni náà lọ sí ibi ìtọ́jú pàjáwìrì.

Ní ti ọjọ́ náà nínú gbọ̀ngàn, àgbá ìwẹ̀ ọmọdé tí a bu omi kún la fi dán gbogbo wọn wò. Mẹ́jọ ló wẹ̀, mẹ́ta rì sísàlẹ̀. Ti ọmọbìnrin tó béèrè ọ̀rọ̀ orúkọ yẹn dojú dé, ikùn rẹ̀ kọjú sókè. Bàbá fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ láti tún un ṣe, ó ní rárá. Ó fi í wé inú tówẹ́ẹ̀lì, ó gbé e lọ sílé, ìyá rẹ̀ sì sọ fún mi lọ́jọ́ Sunday pé ó ti tú ikùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.